Yàrá Àárín Ọkọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Kò sí àyè mọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí a mọ̀. Wọ́n fèsì láàárọ̀ yìí: ní ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé yóò wà ní ìsinmi, gbogbo yàrá ti kún. Ọkọ mi ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé kíkà kejì lè sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ló fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ mìíràn ni. Ọkọ̀ funfun, ìlà aláwọ̀ ọsàn nídìí rẹ̀, àwọn èèyàn tí eyín wọn funfun ju ọkọ̀ náà lọ. A kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Nínú gbogbo ẹni tí a mọ̀, kò sí ẹni tó ti bá wọn lọ síbì kankan.

"Abèèrè kì í ṣìnà," ni ọkọ mi wí. "A ó máa bèèrè."

Ọdún kejì nìyí tí ilé méjì ti di ilé kan: èmi àti ọmọkùnrin mi, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. A kò tíì jọ sun ibòmíràn rí. Bí ìrìn-àjò bá dé, òun a mú tirẹ̀, èmi a mú tèmi.

"Lórí omi," ó ní, "kò síbi tí ẹnikẹ́ni máa sá gbà."

Ó rò pé àwàdà ni. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo bi àwọn ọmọ léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má baà tẹ̀lé ohùn ìkejì.

Lọ́yà, ọmọ tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kò sí ẹjọ́ tí kì í gbà rò, fẹ́ mọ̀ bóyá Wáìfáì wà, bóyá kì í já, àti pé bí ọkọ̀ bá ń rì, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde. Lẹ́yìn tó gbọ́ èsì, ó ní òun á rò ó.

Àgbà, ọmọbìnrin ọkọ mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Lọ́yà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí ayé tán.

"Ó dáa, mà."

"Ṣé o fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi?"

"Ó dáa, mà."

"Àbí ká lọ síbòmíràn?"

"Ibi tí ẹ bá fẹ́ náà dáa, Àǹtí."

Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. "Ó dáa" náà ní akọ, ó sì ní abo. Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń gbé, ọmọ yìí kò tíì sọ "rárá" sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù tí mo ti ń ṣe apòògùn ní kí n máa dúpẹ́. Lọ́yà a máa sọ "rárá" fún mi kó tó fọ eyín. Èmi mọ ibi tí mo wà lọ́kàn Lọ́yà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la lọ sí ọ́fíìsì ìrìn-àjò. Obìnrin kan ló dá wa lóhùn, ó múra dáadáa, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Mo bi í pé ọdún mélòó ni ilé-iṣẹ́ yìí ti wà.

"Kò séwu, mà. Tuntun ni wọ́n, àmọ́ ọkọ̀ wọn kì í ṣe tuntun."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Pé ó ti mọ ọ̀nà, mà."

Ká tó jáde, Lọ́yà ti sọ ọ́ ní Kò-séwu.

Òfin wọn: ọmọdé kò gbọdọ̀ dá yàrá sùn, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, a lè gba yàrá kan fún èèyàn mẹ́rin, tí ibùsùn méjì nínú rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà, tàbí ká gba yàrá ẹlẹ́ni méjì méjì. Wọ́n ní ibi ìṣeré fún àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ méjì: ọ̀kan fún ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá, ọ̀kan fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún.

Lọ́yà dìde dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èmi àti àwọn ọmọ tó ṣì ń fa ìka mu la máa jọ wà?"

"Ọmọ ọdún méjìlá kì í fa ìka mu, ọmọ mi."

"Ẹ ò tíì dé kíláàsì wa."

Àgbà rẹ́rìn-ín. Mo rí i kó tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló rí sí i. Ó ní ó dáa.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọkọ mi kì í gba àwòrán gbọ́. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni, ohun tí kò bá tíì fi téèpù wọ̀n kò tíì sí. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó ti àga tìmùtìmù sẹ́bàá ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé: ibùsùn níhìn-ín, ilé ìwẹ̀ lọ́hùn-ún, bákónì níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí gbogbo wa wọlé.

"Ẹ gba ẹnu ọ̀nà o! Lọ́yà, inú ògiri lo gbà kọjá yẹn."

"Ṣé mo ti kú nìyẹn?"

"O ti wà nínú yàrá ẹlòmíràn."

A dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ Lọ́yà wà nínú ilé ìwẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi wà ní ìhà ọkọ mi. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa la fi fa ṣọ́ọ̀kì tiwa. Àgbà dùbúlẹ̀ sí etí ìlà gan-an, kò fara kan ẹnikẹ́ni, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò egungun rẹ̀ ní ọsibítù.

"Dádì, níbo ni ilẹ̀kùn wà?"

"Níbi ẹsẹ̀ mi níbí."

"Ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó jìnnà sí ibi tí mo wà yìí?"

"Tí o bá na ọwọ́, o ti kàn án."

"Ó dáa."

Mo kọ ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀ nítorí pé kì í bèèrè nǹkan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Yàrá tó ní bákónì tún ti gbówó lórí. Ooru mú. Fáànù pálọ̀ kò yí mọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

A rí ẹni tó ti wọ ọkọ̀ náà: akọ̀wé kan ní ẹ̀ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ó ní oúnjẹ wọn pọ̀, òṣìṣẹ́ wọn ní ìtẹríba, ilé ìwẹ̀ wọn mọ́. Ó ní, "Àmọ́ ọkọ̀ wọn kéré, mà. Ó ń mì. Èmi fúnra mi mọ adùn ilẹ̀ nígbà tí mo sọ̀."

Mo mú ọ̀rọ̀ náà délé. Ọkọ mi ní ẹni tó bá jẹun dé ọ̀nà ọ̀fun, ilẹ̀ gbígbẹ náà á mì lábẹ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

A ti forúkọ sílẹ̀. Yàrá kan fún èèyàn mẹ́rin, iwájú ọkọ̀, òkè pátápátá, pẹ̀lú bákónì. Ọkọ mi ló yàn án nítorí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti máa kọ́kọ́ rí ilẹ̀. Gbogbo ilé ló ní ó dáa. Kò-séwu ní bí a bá fẹ́ yí i padà, ká ti sọ kí oṣù yìí tó parí, lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ òun ò ní ká a mọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀rẹ́ mi tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́yìn pápá ìṣeré lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, mo sì bá a dúró. Kò sẹ́ni tí mo sọ fún nílé ju ọkọ mi lọ. Oògùn ikọ́ ni mo ń tà láti àárọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n pa ilẹ̀kùn dé fún oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí Àgbà wọlé.

Ó rí mi. Mo rí i. Òun ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo… mo fẹ́ ra bíró."

"A kì í ta bíró níbí."

"Ó dáa, mà."

Ó yí padà, ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ohunkóhun tí mo bá sọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó bàbá rẹ̀, èsì kan náà ni màá gbà. Nítorí náà, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, mo sì sọ ọ́ ní ohùn tí mo fi ń sọ ọ́:

"Ta ló máa lo oògùn náà?"

Ó dúró. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó dúró níbi tí àwọn oníbàárà ń dúró sí.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò tíì ṣe é báyìí. Ó máa wọ ọkọ̀ ojú omi ni."

"Ṣé ó ti wọ̀ ọ́ rí?"

"Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó kéré. Ó bì láti èbúté kan dé èkejì. Màmá ẹ̀ ló di orí ẹ̀ mú." Ìgò fítámì tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò. "Kí màmá ẹ̀ tó kú nìyẹn. Dádì ẹ̀ wà lóko iṣẹ́, wọn ò mọ̀. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti gbóòórùn epo ọkọ̀ lásán, inú ẹ̀ á ti máa rú."

"Ṣé ó ń lo oògùn mìíràn?"

"Kò lo nǹkan kan, mà."

"Ṣé àwọn ará ilé ẹ̀ mọ̀ báyìí?"

Ìbéèrè yẹn kò sí lára èyí tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì.

"Wọn ò mọ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ?"

"Dádì ẹ̀ ti wọn yàrá tán." Ó fi ìka fa ìlà sórí káńtà. "Àti pé àǹtí tó wà nílé wọn fẹ́ràn ìrìn-àjò yẹn gan-an. Kò fẹ́ kó dà bíi pé… Kò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Èmi kọ́ ni mo fẹ́ ìrìn-àjò yìí. Mo gbà nítorí ọkọ mi. N kò sọ ọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà kì í ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún oníbàárà.

Mo gbé oògùn náà sílẹ̀. "Èyí máa ń mú oorun wá. Kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́kọ́ lo ẹyọ kan nílé, lọ́jọ́ tí kò bá ní nǹkan ṣe, kó wo bó ṣe máa rí lára ẹ̀. Àmọ́ oògùn nìkan kọ́. Iwájú ọkọ̀, lókè, ló máa ń mì jù. Àárín, nísàlẹ̀, ló rọ̀ jù. Ibẹ̀ ni kó ní kí wọ́n bá òun gba yàrá sí."

"Wọ́n ti gba ti iwájú."

"Wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè tún ohun tí kò mọ̀ pé ó bàjẹ́ ṣe."

"Ṣé ẹ máa sọ fún…"

"Ohun tí oníbàárà bá sọ lórí káńtà, orí káńtà ló ń gbé. Òfin iṣẹ́ wa ni."

Ó sanwó, mo fún un ní ṣéńjì. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì jáde.

Apòògùn wà nílé, ó rìn dé ẹ̀yìn pápá ìṣeré lọ wá apòògùn tí kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe rí, n kò ní fi nǹkan kan kún un.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọkọ mi ra fìlà oòrùn mẹ́rin. Ti Àgbà ló tóbi jù. Ó dé e fún un, ó ní, "Wo ọmọ ọlọ́kọ̀!" Àgbà ní ó dáa. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo lè sọ pé èmi ni inú máa ń rú. Ọkọ mi á gbà, Kò-séwu á yí yàrá padà, gbogbo ẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí mo bá gba ọ̀rọ̀ yìí sọ mọ́ ọn lẹ́nu, màá tún gba èyí tó ń bọ̀, títí yóò fi kúrò nílé wa. Mo fún un títí di ọjọ́ Àìkú. Bí kò bá sọ, màá parọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àgbà ti ilé-ìwé dé, ó sùn bí òkúta títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná. Bàbá rẹ̀ ní ìwé ló ń kà jù. Mo mọ ohun tó lò. Mo bu omi fún un, n kò béèrè nǹkan kan.

Wọ́n ti tún fáànù ṣe. Ó ń dún bí ọkọ̀ ẹrù.

Àìkú, ọjọ́ ọgbọ̀n

A jókòó sídìí oúnjẹ. Ọkọ mi tẹ́ àwòrán ọkọ̀ sáàárín àwo, ó ń fi pẹ́ńsù tọ́ka.

"Iwájú, òkè pátápátá. Ibi tí gbogbo wa jọ fẹnu kò sí."

"Ẹ dúró ná," ni Lọ́yà wí. "Ta ló fẹnu kò? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi nínú ilé yìí?"

"Ìyá ẹ ni."

"Èmi kọ́," mo ní.

"Ìyá Lọ́yà! Ìwọ kọ́ lo rí ọkọ̀ ojú omi kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó o ní ó mà dára o?"

"Aṣọ obìnrin tó dúró nínú ẹ̀ ni mo ní ó dára. Nítorí tiyín ni mo ṣe ní ká lọ."

"Tèmi? Èmi tí orí ilẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi?"

Lọ́yà lu tábìlì. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí olùpẹ̀jọ́! Àgbà, àbí ìwọ ni?"

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bi í. Àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Rárá."

Kò pariwo. Ọkọ mi rò pé Lọ́yà nìkan ló ń dá lóhùn, ó ti padà sídìí àwòrán rẹ̀. Àgbà tún un sọ.

"Rárá, Dádì. Mi ò fẹ́ yàrá iwájú yẹn. Inú mi máa ń rú lójú omi. Ó ṣe mí nígbà tí èmi àti Mọ́mì lọ, mo bì títí a fi dé. Ẹ wà lóko iṣẹ́."

Ọkọ mi gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Kí ló dé tí n kò gbọ́?"

"Mọ́mì ní ká má dà yín láàmú."

Lọ́yà bu omi fún Àgbà, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò wọ́pọ̀.

"Ó tán," ni ọkọ mi wí. "A ò lọ mọ́. Màá pe Kò-séwu lọ́la kó fagi lé e."

"Mi ò ní ká má lọ," ni Àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ti ń le. "Mo fẹ́ lọ. Yàrá yẹn ni mi ò fẹ́. Àárín ọkọ̀ ni mo fẹ́, nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kì í mì jù."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Apòògùn kan ni."

"Apòògùn wo?" Ó yíjú sí mi.

Mo ń bu ìrẹsì. "Apòògùn pọ̀ nílùú yìí," mo ní. "Ẹ gba àwo yín."

Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ tó kẹ́yìn tí a lè yí i padà. Ọkọ mi pe Kò-séwu kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Kò séwu, sà. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin ti tán lápá ibẹ̀, àmọ́ mo rí ẹlẹ́ni méjì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fèrèsé róbótó ni, kò sí bákónì. Ṣé kí n béèrè? Ta ló máa wà pẹ̀lú ta?"

"Èmi àti ọmọ mi," ni ọkọ mi wí, "ìyàwó mi àti ọmọ rẹ̀. Ó máa rọrùn fún kálukú."

"Rárá." Láti ọ̀nà ìdáná lohùn ti wá. Àgbà jáde, búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ máa ń hanrun, Dádì. Èmi àti Àǹtí la máa wà níbì kan."

"Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun!" ni Lọ́yà kígbe. "Èmi wá ńkọ́?"

"Ìwọ náà ń hanrun. Ẹ máa bá ara yín ṣe é."

Kò-séwu ti ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní òun ti gbọ́, òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Èsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ dé lọ́sàn-án, ààbọ̀ èsì ni. Yàrá kan nínú méjèèjì ti di tiwa. Ẹlòmíràn ti béèrè ìkejì ṣáájú wa, kò sì tíì sọ bóyá òun á gbà á tàbí òun ò ní gbà á. Àgbà ní kí wọ́n kọ orúkọ òun àti tèmi sí èyí tó ti wà nílẹ̀. Lọ́yà ní ìwà ìrẹ́jẹ ni, pé ṣé inú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so kọ́ ẹ̀gbẹ́ fún ìjàǹbá ni òun àti Dádì máa sùn ni. Ọkọ mi ti fi rágì nu ṣọ́ọ̀kì kúrò ní pálọ̀, ó ti fa méjì mìíràn tó kéré, ògiri kan láàárín. Ó fa ìkejì náà pé pérépéré.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń pa aṣọ pọ̀ nígbà tí Àgbà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?" mo bi í.

"Ó wà, mà. Ó ní kí n kí yín."

"Ṣé oògùn yẹn bá a lára mu?"

"Kò bá a lára mu rárá. Gbogbo ọ̀sán ló fi sùn. Ó ní ṣé ẹ ò ní òmíràn tó dáa ju ìyẹn lọ ni?"

Mo ní mo ní in. Mo ní kó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò nílò kó rìn dé ẹ̀yìn pápá ìṣeré mọ́. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó bá mi pa ìyókù aṣọ náà. Bó ṣe ń pa apá ẹ̀wù yàtọ̀ sí tèmi, ó sì sọ fún mi pé tòun ló dáa jù.

Kò-séwu ní kò séwu, òun á pè ní kété tí ẹni yẹn bá ti sọ̀rọ̀ lórí yàrá kejì. Fóònù wà lórí tábìlì. Kò tíì pè.